Ibi Tí Wíńṣì Jókòó Lé

Bí ènìyàn bá sọ ní Iléṣà pé òun fẹ́ gbé wíńṣì, ẹ̀rọ tó ń wé okùn láti fi fa ọkọ̀ tó rì jáde, sí iwájú ọkọ̀ òun, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ lẹ́nu àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé, "Tọ́ọ̀nù mélòó ló ń fà?" Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n ó ti gba àyè lọ́wọ́ èyí tó jù ú lọ, ìyẹn ni pé kí ni wọ́n fẹ́ gbé e lé. Ọkọ̀ tó rì nìkan kọ́ ni wíńṣì tó ní agbára tọ́ọ̀nù 4.5 ń fà. Agbára yẹn kan náà ni yóò fi máa fa ara rẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n dè é mọ́. Igi tí a so okùn mọ́ kò ní yẹsẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ kò sì fẹ́ tú ọkọ̀ sílẹ̀. Ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni bóòtù mẹ́rin, irin pẹlẹbẹ kan, àti orí ṣáásí méjì. Èyí tó bá kù díẹ̀ káàtó nínú wọn ni yóò kọ́kọ́ yọ.

Iṣẹ́ kòkó rírà ló sọ mí di ẹni tó ń ronú sí irú nǹkan báyìí. Láti ìgbà tí òjò bá ti mú ilẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, ọ̀nà oko láti Ifẹ̀wàrà dé àwọn abà tó yí Ìtagúnmodì àti Ìperindó ká kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn ń fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn òkúta dúdú tó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa níbí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní amphibolite, máa ń jẹrà di amọ̀ pupa tó jinlẹ̀ tó sì ki, débi pé nígbà tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń to oríṣiríṣi ilẹ̀ agbègbè kòkó wa lẹ́sẹẹsẹ ní ọ̀rúndún tó kọjá, orúkọ Ìtagúnmodì gan-an ni wọ́n fi pe ọ̀kan nínú wọn. Kòkó fẹ́ràn irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ń di omi mú dáadáa. Bó ṣe ń di omi mú náà ló ń di táyà mú. Àwọn tó ń wa góòlù káàkiri agbègbè yìí tún ti sọ àwọn ojú ọ̀nà kan di kòtò, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tiwọn kọ́ ni mo wá rò.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Hilux tó gbé ẹrù débi tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi àyè gbà máa ń wọn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3. Ìlànà tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe wíńṣì ni pé kí agbára ẹ̀rọ náà tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ìwọ̀n ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ibẹ̀ ni tọ́ọ̀nù 4.5 ti jáde, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pọ́n-ùn 10,000 tí wọ́n máa ń kọ sára páálí. Ṣùgbọ́n ìlànà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ń kọ́ àwọn tó ń yọ ọkọ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀ sọ pé bí ọkọ̀ bá rì dé ẹsẹ̀ táyà, agbára tí yóò fà á jáde ní láti tó gbogbo ìwọ̀n ọkọ̀ náà. Bí ó bá sì rì dé mọ́gáàdì, yóò di ìlọ́po méjì. Tọ́ọ̀nù 6 nìyẹn fún Hilux wa. Bẹ́ẹ̀ ni agbára tí wọ́n kọ sára wíńṣì jẹ́ ti ìgbà tí okùn bá ku ìpele kan ṣoṣo lórí dúrọ́ọ̀mù, ìyẹn àgbá tí okùn ń wé mọ́. Bí okùn bá ṣe ń gun ara rẹ̀ lórí, tí ìpele ń pọ̀ sí i, ni agbára náà ń dín kù. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ní ilẹ̀ tiwa ni pé wíńṣì yóò máa fa ara rẹ̀ dé òpin agbára rẹ̀ lóòrèkóòrè, ibi tó jókòó lé yóò sì máa ru ẹrù kíkún bí iṣẹ́ òòjọ́, láìjẹ́ pé ìjàǹbá kankan ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń gbà ni láti lo púlì. Bí okùn bá gba inú púlì tí a so mọ́ igi kọjá, tí a sì dá orí rẹ̀ padà sára ọkọ̀ tiwa, agbára tó ń fa ọkọ̀ yóò tó ìlọ́po méjì, ìyára rẹ̀ yóò sì dín sí ìdajì, ṣùgbọ́n ẹrù orí àwọn bóòtù wíńṣì kò ní pọ̀ sí i rárá. Àǹfààní ńlá ni èyí, àfi bí a bá ba iṣẹ́ jẹ́ nípa fífi ìkọ́ tó wà lórí okùn náà kọ́ irin tí wíńṣì jókòó lé. Nígbà náà, irin kan ṣoṣo ni yóò máa ru ẹrù méjèèjì. Ìkọ́ tó padà wá gbọ́dọ̀ ní ojú ìso tirẹ̀ lórí ṣáásí, èyí tí a ti pèsè kí á tó kúrò nílé.

Wẹ́dà tí mo gbé iṣẹ́ náà lọ bá jẹ́ ọmọ Ifẹ̀, àgbàlagbà tó ti ń jó irin kí n tó mọ ọkọ̀ í wà, Bàbá ni mo sì máa ń pè é. Nígbà tó yẹ iwájú ọkọ̀ wò tán, ó ní, "Oníkòkó, fọkàn balẹ̀. Màá jó o mọ́ bọ́ńpà yìí, màá sì fi irin ángù tì í lẹ́yìn. Ògún Ládìn tó wà láàfin ń gbọ́ mi, kò ní ṣí." Ẹni tó bá mọ òkìtì irin tó wà ní ààfin Ọọ̀ni yóò mọ̀ pé ìbúra yẹn kì í ṣe ti eré. Mo dá a lóhùn pé, "Bàbá, mo gbà pé kò ní ṣí lára bọ́ńpà. Bọ́ńpà náà ńkọ́, kí ló di òun mú?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ páálí sílẹ̀, ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.

Bọ́ńpà tó bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá láti ilé-iṣẹ́, irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ike bò ni. Wọ́n ṣe é kí ó lè rún nígbà tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, kí agbára ìkọlù náà má baà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sínú. Ṣáásí ni egungun ọkọ̀: irin gbọọrọ méjì tó lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Lórí àwọn méjèèjì, láti inú ihò tí ilé-iṣẹ́ ti lu síbẹ̀, ni irin wíńṣì gbọ́dọ̀ ti gba agbára rẹ̀, kí ẹrù lè pín sí ọ̀tún àti òsì. Èyí tó dára jù ni kí ènìyàn ra bọ́ńpà onírin tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ náà àti ọdún tí ọkọ̀ náà jáde, pàápàá bí ọkọ̀ bá ní àpò afẹ́fẹ́ tí ń tú jáde nígbà ìjàǹbá, nítorí irin tí wọ́n kàn fi òye ara wọn rọ síwájú ọkọ̀ lè mú kí àpò náà tú nígbà tí kò yẹ, tàbí kí ó má tú nígbà tó yẹ.

Ní ti jíjó irin mọ́ ṣáásí, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń ṣe é, ọkọ̀ wọn sì ń rìn. Èmi kò fara mọ́ ọn. Iná wẹ́dà máa ń yí ìwà irin padà ní ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti jó, níbẹ̀ gan-an ni irin sì ti máa ń sán lẹ́yìn tó bá ti fara da ìfàtì fún ìgbà pípẹ́. Iná náà tún lè ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́ bí wọn kò bá tú bátìrì kúrò. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí àwọn ènìyàn kì í kà sí: ìgbóná máa ń mú kí irin pẹlẹbẹ ká. Mọ́tò, dúrọ́ọ̀mù àti gíà ni wíńṣì fi jẹ́ wíńṣì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan. Bí a bá de ẹsẹ̀ wọn mọ́ irin tó ti ká, bóòtù yóò fa ara wíńṣì tẹ̀ lé irin náà, dúrọ́ọ̀mù yóò sì máa há nígbà tó bá ń yí. Ẹni tó ni ín yóò máa sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Àdéhùn tí èmi àti Bàbá ṣe ni pé gbogbo ohun tó bá fẹ́ jó, orí tábìlì ni yóò ti jó o, yóò fi rúlà onírin wò ó bóyá ó tẹ́jú, lẹ́yìn náà ni a ó fi bóòtù dè é mọ́ ọkọ̀. Iṣẹ́ tó dára jù tí mo rí lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni tó dé orí gbogbo èyí, kí ó kọ́kọ́ mọ irú ṣáásí tó ní. Tòkúnbọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ wa, àwọn tó sì wá láti ibi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú ọ̀nà nígbà òtútù máa ń gbé ìpẹtà wá nínú ṣáásí, níbi tí ọ̀dà tuntun kò jẹ́ kí ojú rí. Kí wọ́n fi òòlù kékeré gbá a láti orí dé ibi tí ẹsẹ̀ iwájú wà. Irin tó yè máa ń dún gooro. Èyí tó ti jẹrà máa ń dún pọ̀ọ̀, èépá yóò sì máa já bọ́. Bí wọ́n bá rí ibi tí ọkọ̀ ti ní ìjàǹbá rí, tí wọ́n ti fa ṣáásí rẹ̀ tọ́, kí wọ́n fi owó wíńṣì ra ohun mìíràn.

Bóòtù ni mo fẹ́ kí a pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí òun ló kéré jù, òun náà ni wọ́n sì ń fojú di jù. Wíńṣì tuntun máa ń gbé bóòtù tirẹ̀ wá nínú páálí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀kan yóò sọnù, tàbí kí irin tí wẹ́dà lò nípọn ju bí ilé-iṣẹ́ ṣe rò lọ, wọ́n á sì rán ọmọ iṣẹ́ lọ sọ́jà pé kó ra èyí tó jọ ọ́. Kò sí èyí tí kò jọ ara wọn lórí àtẹ oníbóòtù. Orí rẹ̀ ni kí ẹ wò. Èyí tí wọ́n tẹ 8.8 tàbí 10.9 sí lórí ní agbára tí a lè gbọ́kàn lé. Lórí èyí tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ìlà ni wọ́n máa ń fà dípò nọ́ńbà: ìlà mẹ́ta fún ìpele karùn-ún, mẹ́fà fún ìpele kẹjọ. Nọ́ńbà 8.8 yẹn ní ìtumọ̀: 8 àkọ́kọ́ ń sọ pé mìlímítà kan níbùú àti lóròó nínú irin náà yóò gba nǹkan bíi kìlógíráàmù 80 kí ó tó já, èyí tó tẹ̀ lé àmì ń sọ pé bí ẹrù bá ti dé ìdá 80 nínú 100 agbára yẹn, irin náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í nà, kò sì ní padà sí bó ti wà mọ́. Bóòtù tí orí rẹ̀ ń dán, tí kò ní àmì kankan, lè wúlò fún géètì.

Gígùn rẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ nínú. Bóòtù tó gùn jù yóò kan ìsàlẹ̀ ihò kí ó tó fún irin pọ̀. Sípánà yóò le lọ́wọ́ ẹni tó ń dì í, yóò sì rò pé ó ti le, nígbà tí àyè ṣì wà láàárín wíńṣì àti irin. Èyí tó kúrú jù yóò di eyín díẹ̀ mú nínú ara wíńṣì, èyí tó sábà máa ń jẹ́ alumíníọ̀mù, ó sì lè fa eyín náà tu lọ́jọ́ tí ẹrù bá dé. Ìwé tó bá wíńṣì wá máa ń sọ gígùn tó yẹ àti bí a ṣe gbọ́dọ̀ dì í le tó. Kí ènìyàn wá sípánà tí ń ka ìwọ̀n yá lọ́wọ́ ẹni tó bá ní in. Agbára apá ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán kì í ṣe òṣùwọ̀n. Kí wọ́n má sì jó orí bóòtù náà mọ́ irin pé kó má baà tú, nítorí iná yóò pa agbára tí a tìtorí rẹ̀ ra 8.8.

Ihò mẹ́rin ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ wíńṣì tó wà láàárín pọ́n-ùn 8,000 sí 12,000, mìlímítà 254 ni wọ́n fi jìnnà sí ara wọn ní ìbú, 114 ní òdìkejì. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sì máa ń gbà gbé e jókòó. Wọ́n lè gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lórí irin tó tẹ́, tàbí kí wọ́n kọ ẹsẹ̀ náà síwájú, kí wíńṣì wà lẹ́yìn irin tó dúró ṣánṣán. Bí ẹsẹ̀ bá wà nílẹ̀, ìfàtì yóò máa fẹ́ gé bóòtù láti ẹ̀gbẹ́, yóò tún máa gbìyànjú láti gbé ẹ̀yìn wíńṣì sókè, nítorí pé orí ni okùn wà, ìsàlẹ̀ sì ni bóòtù wà. Bí ẹsẹ̀ bá kọjú síwájú, ìfàtì yóò máa ti wíńṣì mọ́ irin ni. Ẹrù tó kù fún bóòtù kò ní pọ̀. Ọ̀nà kejì yìí ni mo yàn níwọ̀n ìgbà tí àyè rẹ̀ bá wà. Ọ̀nà yòówù kí ó jẹ́, kí a wo àmì tí wọ́n fà sára ẹ̀rọ náà kí a tó wé okùn. Nínú ọ̀pọ̀ wíńṣì tí bíréèkì rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀mù, bí okùn bá wé lódì, bíréèkì kò ní mú nígbà tí a bá fi ọwọ́ kúrò, ọkọ̀ yóò sì máa yọ̀ padà sí kòtò tó ti ń jáde bọ̀.

Ìwọ̀n irin náà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wíńṣì pẹ̀lú okùn onírin lè tó kìlógíráàmù 40, bọ́ńpà onírin sì tún wà lórí ìyẹn, gbogbo rẹ̀ sì wà níwájú ẹsẹ̀ ọkọ̀. Sípíríǹgì iwájú lè nílò àtúnṣe, iná iwájú yóò sì wọlẹ̀ díẹ̀. Kí wọ́n má gbé e dí ojú rédíétọ̀. Oòrùn tiwa kò fi àyè irú rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo bá rewáyà sọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe iná ọkọ̀. Wíńṣì 12 volt tó bá ń fà dé òpin agbára rẹ̀ lè gba áńpìà 400, nígbà tí alternator (ẹ̀rọ tí ń pèsè iná nínú ọkọ̀) ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè mú ju nǹkan bíi 100 lọ. Inú bátìrì ni ìyókù ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì fi gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń fà, tí a sì gbọ́dọ̀ máa fà díẹ̀díẹ̀, kí mọ́tò náà lè sinmi. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ pé, "Dádì, àyè kan ṣì ṣófo nínú àpótí fíúùsì, ẹ jẹ́ ká mú un láti ibẹ̀." Mo ní rárá. Láti orí bátìrì tààrà ni, wáyà tí ojú gígé kọ́pà inú rẹ̀ tó 35 mm², ọ̀kan sí orí aláàmì ìròpọ̀, èkejì sí orí aláàmì ìyọkúrò, láìjẹ́ pé ṣáásí ni yóò máa dá iná padà. Níbi tí wáyà bá ti gba ojú irin kọjá, kí wọ́n fi rọ́bà bò ó. Kí ó sì jìnnà sí sàlẹ́ńsà. Ohun tí mo rọ̀ mọ́ jù lọ ni súwìṣì ńlá tí ń gé iná, èyí tó wà níbi tí ọwọ́ awakọ̀ ti lè tètè tó o. Àwọn ẹnu kọ́pà tí ń tan wíńṣì tí ń pa á máa ń gbóná, wọ́n sì lè lẹ̀ mọ́ra wọn. Nígbà náà, ènìyàn yóò jáwọ́ lórí rìmóòtù, wíńṣì yóò ṣì máa fà. Súwìṣì yẹn nìkan ni yóò dá a dúró.

Okùn onírin tàbí okùn oníke? Okùn oníke fúyẹ́, bí ó bá sì já, kì í jù bíi ti onírin, ṣùgbọ́n ó kórìíra ìgbóná, ó sì ń dà ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 150 °C. Iyanrìn àti amọ̀ tó wọ inú rẹ̀ máa ń jẹ ẹ́ láti inú. Ó fẹ́ ẹnu ọ̀nà alumíníọ̀mù tó dán. Rọ́là tí okùn onírin ti ha tẹ́lẹ̀ yóò gé e. Okùn onírin ń fara da ẹrọ̀fọ̀ wa dáadáa, ó sì ń gún ọwọ́, nítorí náà ìbọ̀wọ́ aláwọ di dandan. Ó kéré tán, okùn onírin gbọ́dọ̀ ṣì wé mọ́ dúrọ́ọ̀mù ní ìgbà márùn-ún, oníke ní ìgbà mẹ́wàá, nítorí pé ibi tó wé mọ́ra yìí ló ń di ẹrù mú. Ìdè kékeré tó wà ní ìdí okùn kò lè ru ọkọ̀. Kí ènìyàn má sì yí okùn po igi, kí ó wá fi ìkọ́ kọ́ okùn náà fúnra rẹ̀: bẹ́líìtì pẹlẹbẹ ni ti igi, ṣákùlì (irin ìdè tó ṣeé ṣí) tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí lára ni ti ìkọ́.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ agbégilódò tó ń kó gẹdú jáde nínú igbó wa kò ka ìwé kankan lórí èyí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n. N kò rí èyí tó gbọ́n nínú wọn kí ó sọdá okùn tó ti le, tàbí kí ó dúró níbi tí okùn náà lè nà dé bí ó bá já. Àwọn tó ń dá mi lágara ni àwọn tó máa ń pé jọ yí ọkọ̀ tó rì ká ní ojú ọ̀nà oko, tí wọ́n ń pariwo pé "Ẹ fà á, ẹ fà á!", tí ọmọdé sì wà láàárín wọn. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé n kò ní tan wíńṣì rárá títí gbogbo wọn yóò fi kúrò níwájú, kódà bí wọ́n bá ń bú mi. Aṣọ tó wúwo tàbí àpò tó ní iyanrìn díẹ̀ nínú tí a gbé lé àárín okùn máa ń fà á wálẹ̀ bí ó bá já. Ó ń ran ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n jíjìnnà sí i ló dára jù.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ìfàtì àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ti inú ẹrọ̀fọ̀. Kí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré tó gbẹ, kí wọ́n tú okùn títí yóò fi ku iye ìgbà wíwé tó yẹ lórí dúrọ́ọ̀mù, kí wíńṣì sì fa ọkọ̀ gun òkè díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ awakọ̀ lórí bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́, kí okùn lè wé pẹ̀lú ìfàtì. Okùn tí a fi ọwọ́ wé lásán máa ń rì sáàárín ìpele ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹrù bá dé, yóò sì há síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n tún wọ abẹ́ ọkọ̀, kí wọ́n fi sípánà wo àwọn bóòtù lẹ́ẹ̀kan sí i, torí irin tuntun àti ọ̀dà tó wà láàárín wọn máa ń wọra díẹ̀. Mo ní kí Bàbá fi ọ̀dà funfun fa ìlà láti orí bóòtù kọ̀ọ̀kan dé ara irin, kí n lè fi ojú lásán rí i bí ọ̀kan bá yí, mo sì máa ń wò ó lẹ́yìn ìfàtì tó bá le. Bí ọ̀kan bá yí, a ó dì í padà. Bí ó bá tún yí, tàbí tí ọrùn rẹ̀ bá ti tín-ín-rín ju ti àwọn yòókù lọ, ó ti nà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí a sì pààrọ̀ pọ̀, nítorí ẹrù kan náà ni wọ́n jọ rù.